Ẹ Má Ra Irinṣẹ́ «Gbàǹjo Dúwánì» Lọ́wọ́ Wọn O!

Ẹ̀yin ará Kétu, Ìlara, Pobẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin wa níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi irin ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé yín, ẹ gbọ́ o. Ọ̀gbẹ́ni kan wà lórí Facebook àti WhatsApp tó ń ta irinṣẹ́ ajórin ní ẹ̀dínwó. Ó ní ẹrù tí dúwánì (àwọn aṣọ́bodè) gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ní èbúté Kútọnú ni, pé wọ́n lù ú ní gbàǹjo, òun sì rí i rà. Irọ́ ni. Irọ́ gbuu! Ẹ má rà á. Ẹ má tilẹ̀ dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó máa rẹ́rìn-ín. Mo ní búkà onípáànù kan lẹ́yìn ilé mi ní Kétu níbí. Ibẹ̀ ni mo ti ń jó géètì àti férémù fèrèsé pọ̀, tí mo sì ń tún ẹ̀rọ ìlọgbàdo àwọn ará àdúgbò ṣe bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀rọ ìjórin mi àtijọ́ jóná. Mo wá ń wá pósì inverter, ìyẹn ẹ̀rọ ìjórin irú èyí tó fúyẹ́ tí èèyàn lè fi kọ́ èjìká. Ní ọjà Wàndó l'Ájàṣẹ́, 85.000 CFA ni wọ́n pè é fún mi, pósì nìkan o, kò sí baguette (ọ̀pá ìjórin) kan ṣoṣo níbẹ̀.

Òun wá gbé fótò tirẹ̀ síta: pósì 250 A (áńpìà), meuleuse kan tí a fi ń gé irin, étau kan tí a fi ń di irin mú, páálí baguette kan, mẹ́ṣì tí a fi ń lu irin lóríṣiríṣi nínú àpò aláwọ. Gbogbo rẹ̀, 75.000. Ó ní Jámánì ni wọ́n ti kó wọn wá. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ojúkòkòrò ló ṣe mí. Mo ń wá ohun tí agbára mi ká ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ra meuleuse gidi lórí Facebook rí, ó ṣì ń lò ó dòní. Ṣé òun kì í ṣe olójúkòkòrò ni, èmi nìkan ni mo jẹ́ ẹ?

Ohun tó dùn mí jù ni pé Yorùbá wa ló fi mú mi. Ká ní Faransé ló bá mi sọ ni, ǹ bá ti dúró béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Ó kí mi, ó kí ilé, ó kí ọmọ, ó wá kí iṣẹ́: «Ògún á gbè yín o, ẹ̀gbọ́n.» Ògún! Ó fi ẹnu tó fi ń purọ́ pe Ògún fún alágbẹ̀dẹ! Ẹni tó bá mọ Kétu mọ̀ pé a kì í fi orúkọ yẹn ṣeré níbí. Èmi náà sì dáhùn «àṣẹ», bí òmùgọ̀.

Ó ní kí n san 30.000 àsansílẹ̀ kí òun lè bá mi mú ẹrù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí àwọn èèyàn ń bẹ̀ òun. Mo fi MoMo, owó orí fóònù, ránṣẹ́. Orúkọ obìnrin ló jáde lójú fóònù kí n tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi. Mo bi í. «Ìyàwó mi ni, ẹ̀gbọ́n.» Mo gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní 12.000 fún ìwé dúwánì. Mo ní ìwé wo, ṣebí o ti rà á ní gbàǹjo? Ó ní láìsí ìwé, wọ́n á gba ẹrù náà lọ́nà. Mo san án. Lẹ́yìn náà, 5.000 fún ọkọ̀. Mo tún san án. Ẹ̀yin tí ẹ ń mirí, ẹ mọ bó ṣe ń rí: bí 30.000 bá ti wà lọ́wọ́ olè, èèyàn kì í fẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí 12.000. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹ wá.

Ẹrù dé ibùdókọ̀. Awakọ̀ ní wọ́n ti kìlọ̀ fóun pé kí n má tú àpótí kí n tó san 45.000 tó kù. Mo gbé àpótí náà wò, ó wúwo. Wíwúwo yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo sanwó. Ẹ ro ó pọ̀: 92.000! Owó tó máa ra pósì gidi ní Wàndó, tí ṣẹ́ńjì ṣì máa kù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo tan pósì náà. Iná tàn, fáànù ń yí. Mo fi baguette kan irin, ó tafà iná díẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ irin, ó kú. Mo gbé e mì, nǹkan kan ń ró gbì nínú rẹ̀. Mo tú u. Bíríkì sìmẹ́ńtì ni! Wọ́n po sìmẹ́ńtì, wọ́n dà á sínú ọ̀rá, wọ́n fi lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kí ẹ̀rọ náà lè wúwo. Lókè rẹ̀, pátákó iná kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Sìmẹ́ńtì, ẹ̀yin ará! Ẹnìkan jókòó, ó po sìmẹ́ńtì, ó dúró kó gbẹ, torí kó lè jí owó mi!

Okùn rẹ̀ tí wọ́n ní bàbà ni, mo fi ọ̀bẹ ha á, funfun ló jáde lábẹ́ pupa. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára. Étau wá ńkọ́? Mo fi di páìpù mú, mo yí i díẹ̀, ó là sí méjì, inú rẹ̀ kún fún ihò, wọ́n ti fi mástíìkì dí i kí wọ́n tó kùn ún ní búlúù. Mẹ́ṣì aláwọ̀ wúrà náà lọ́ nínú irin mílímítà márùn-ún. Mo fi fáìlì tí a fi ń pọ́n àdá kàn án, fáìlì gé e. Mẹ́ṣì tó bá jẹ́ irin líle gidi, fáìlì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Baguette: wọ́n kọ E6013, àmì irú baguette, sára páálí, ṣùgbọ́n èépá rẹ̀ ń já lulẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìpẹtà ló wà lábẹ́.

Dísìkì meuleuse ló bà mí lẹ́rù jù, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Dísìkì gidi máa ń ní òrùka irin láàárín rẹ̀ tí wọ́n tẹ oṣù àti ọdún tí àkókò rẹ̀ máa parí sí, torí oje tó so ó pọ̀ máa ń gbó. Wọ́n sì máa ń kọ iye ìyípo tó lè gbà sára rẹ̀: ti mílímítà 125 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 12.200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lára tèmi, wọ́n ti fi nǹkan ha ọdún kúrò, kò sì sí iye ìyípo kankan. Bí irú dísìkì bẹ́ẹ̀ bá fọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ojú tàbí ọ̀fun ló ń wọ̀. Àbíkẹ́yìn mi fẹ́ràn láti dúró tì mí wò mí bí mo bá ń gé irin. Olè lè jẹ owó mi, mo lè fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èyí kì í ṣe olè mọ́.

Mo pè é. Ó ní kí n fi fídíò ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Ó ní èmi ni mo ba ẹ̀rọ náà jẹ́, pé mi ò mọ iṣẹ́. Èmi! Ó wá dí ọ̀nà mọ́ mi. Láìpẹ́, mo rí fótò kan náà lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fótò náà dáadáa: pulọ́ọ̀gì eléyín mẹ́ta pẹlẹbẹ ló wà lẹ́nu okùn rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, nígbà tí tiwa níbí ní orí roboto, ti Jámánì náà sì rí bẹ́ẹ̀. A ń lọ Ìmẹ̀kọ, a ń bọ̀, ta ni kò mọ pulọ́ọ̀gì Nàìjíríà ní Kétu? Ìyá àwọn ọmọ mi ló fi hàn mí, kò sì sọ ju ìyẹn lọ. Ì bá sàn kó bú mi.

250 A yẹn náà, ìṣirò rẹ̀ ò le. Bí pósì bá máa fún yín ní 250 A, nǹkan bíi 30 fóltì ló máa fi gbé e, ìyẹn 7.500 wáàtì. Lórí iná SBEE (iléeṣẹ́ mànàmáná wa) tó jẹ́ fóltì 220, ohun tó máa fà kò lè dín sí 34 A, kí ẹ tó ro èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń jẹ. Pulọ́ọ̀gì 16 A ló sì wà lẹ́nu èyí tí wọ́n gbé fún mi! Ẹni tó bá ń lo baguette mílímítà 2,5 nílé kò nílò ju 60 sí 90 A lọ. Ẹni tó bá pariwo 250 fún yín pẹ̀lú okùn tín-ínrín, ẹ sá.

Ìyókù, kíákíá: ẹ ní kó ya fídíò níbi tó ti ń jó irin, kí orúkọ yín wà lára bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó tú àpótí. Bí orúkọ tó jáde lórí MoMo bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tajà, ẹ fagi lé e. Ó tán.

Wọ́n á ní gbogbo òǹtajà kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́. Ní tèmi, láti ọjọ́ náà, gaïman, ìyẹn gbájúẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni gbogbo wọn lójú mi, àti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, àti ẹni tí kò ní. Bóyá mo ń ṣàṣejù. Ẹ dá 92.000 mi padà, màá dínkù.

CNIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀ràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Kútọnú, ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, òfin 2017-20 ti ọdún 2018 (code du numérique) sì wà fún un. Mo ti tọ́jú fótò, ohùn rẹ̀ àti gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ MoMo. Ẹni tó bá ti kó sọ́wọ́ ọkùnrin yìí, kó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ ká jọ gbé e lọ. Ẹ má kọ «pẹ̀lẹ́» sí mi, mo ti gbà á tó. Ẹ̀rí owó tí ẹ san ni mo fẹ́.