Abọ́ la base àbí abọ́ Yanagi: èwo ni kí ẹ rà?

Ìlú kan náà ni abọ́ ìdáná méjèèjì yìí ti wá: Tsubame, ní agbègbè Niigata lórílẹ̀-èdè Japan. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní 18-8, torí pé nínú ìdá 100 rẹ̀, chromium kó nǹkan bíi 18, nickel sì kó 8. Ẹni tó bá rí wọn lórí àtẹ lè pè wọ́n ní ìbejì. Àmọ́ alásè ló ronú kan la base, oníṣẹ́ ọnà tó ń ṣe àga àti ṣíbí ló ronú kan ti Yanagi. Tí ẹ bá ti gbé méjèèjì lé tábìlì tí ẹ fi ń gé ẹ̀fọ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Arimoto Yoko ni alásè náà. Ó pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ará Japan ní oúnjẹ sísè, ìwé ìsebẹ̀ tó kọ kì í ṣe díẹ̀. Ó ní ilé ní Ítálì, èdè ibẹ̀ ló sì ti mú la base, ìyẹn ìpìlẹ̀. Abọ́ rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹni tó bá ti po ìyẹ̀fun nínú abọ́ tó tẹ́jú rí á mọ ìdí: kí ẹ tó ṣẹ́jú, tábìlì ti funfun, ìgúnpá náà ti funfun. Wọn ò ká etí abọ́ náà sínú, nítorí náà kò sí kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí máa sá sí.

Àwo pẹlẹbẹ tó bá abọ́ náà rìn gan-an ló wù mí jù. Tí ẹ bá fẹ́, ó di ọmọrí abọ́. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ kó àlùbọ́sà tí ẹ gé sí i. Asẹ́ rẹ̀, tí ẹ bá gbé e sínú abọ́, ìdí rẹ̀ kì í kan ìdí abọ́. Ẹ ó fọ ewé, ẹ ó kó o sínú asẹ́, ẹ ó fi àwo bò ó, ẹ ó gbé gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì. Omi á ro sísàlẹ̀, ewé á sì le dáadáa, kò ní rọ. Ẹni tí kò bá tíì dúró nídìí iná fún ọ̀pọ̀ ọdún kò lè ro irú èyí.

Yanagi Sori ńkọ́? Ọdún 1915 ni wọ́n bí i, ó kú ní 2011. Òun ló ṣe àga kékeré tó dà bí labalábá lọ́dún 1954. Abọ́ rẹ̀ jáde ní 1960. Kì í gbára lé àwòrán orí ìwé nìkan: á fọwọ́ mọ àpẹẹrẹ, á gbé e wò, á tún un ṣe. Abọ́ márùn-ún ni, láti sẹ̀ǹtímítà 13 títí dé 27, tí ẹ lè kó sínú ara wọn. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ ọ̀kan lójú kí èkejì lè jáde. Ìrísí kálukú bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ìdí wọn nípọn, ó sì wúwo, nítorí náà tí ẹ bá ń po ẹyin, abọ́ ò ní máa sá kiri. Ojú wọn kì í dán yanran, èyí tí kì í jẹ́ kí àpá hàn lára wọn.

Asẹ́ ni ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó náwó. Ti Arimoto jẹ́ wáyà tí wọ́n hun. Omi ń tètè jò nínú rẹ̀, àmọ́ hóró kékeré lè há sójú rẹ̀. Ti Yanagi ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lu ní ihò wẹ́wẹ́. Kò sí wáyà tó máa já tàbí tó máa gún ọwọ́. Fún ewé, la base. Fún ìrẹsì, àti fún ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín tí a máa ń fi ọwọ́ gbo kí èèpo lè ṣí, ti Yanagi ni mo máa mú.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára àwọn abọ́ yìí ò ya ará Tsubame lẹ́nu. Ìṣó ni wọ́n kọ́kọ́ ń rọ níbẹ̀ láyé àtijọ́, kí wọ́n tó dé orí bàbà, àti ṣíbí òun fọ́ọ̀kì níkẹyìn. Ṣíbí tí wọ́n fi jẹun níbi àsè ẹ̀bùn Nobel ọdún 1991, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ má ra odidi àkójọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó lè wúwo lápò yín. Tó bá jẹ́ èmi, màá ra abọ́ ńlá la base, asẹ́ rẹ̀ àti àwo rẹ̀, torí pé mẹ́ta yẹn ò ṣe é pín sọ́tọ̀. Màá wá fi abọ́ Yanagi oní-sẹ̀ǹtímítà 13 kún un fún ẹyin. Ẹ má gbé ìkankan wọn kaná o, abọ́ ni wọ́n, kì í ṣe ìkòkò.