Kọ̀ǹpútà Tó Ń Pariwo n'Íbàdàn: Ṣé Fáànù ni Kí Ẹ Rà, SSD, àbí Odindi Ẹ̀rọ?

Kí ẹ tó gbé owó lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà Queen Cinema, ẹ kọ́kọ́ gbé etí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà yín ná.

Ojú mi ló rí i. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, iwájú Yunifásítì Ìbàdàn níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ké gìrììì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe fetí sí i láti ẹnu ọ̀nà, ó ní páwà páàkì, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo inú ẹ̀rọ, ló ti ń lọ. Mo ra òmíràn. A dè é mọ́ ọn, a tan án, ó tún ké gìrììì. Nígbà tí èmi fúnra mi fara balẹ̀ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálẹ́, wáyà yẹ́lò kan ló rọ̀ wálẹ̀ tó ń kan apá fáànù orí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Fáànù náà ti fá rọ́bà ara wáyà yẹn, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i bí ìgbà tí èèyàn fi bíléèdì fà á. Okùn ẹnu ọ̀rá búrẹ́dì ni mo fi so ó sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Páwà páàkì tí a yọ, kò ṣẹ̀, kò rò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa to ìfiwéra yìí sórí ohun tó ń dún, kì í ṣe sórí ohun tí wọ́n pàtẹ.

Ta ló ń dún?

Ariwo inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó ń fẹ́ hùùù, tó tún ń ga sí i bí ẹ bá ṣí fídíò tàbí fáìlì ńlá, atẹ́gùn ni. Ooru ń mú processor, fáànù sì ń sáré láti tù ú lára. Èyí tó ń ké gírírí láàárọ̀ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, tó sì ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, búṣì fáànù ló ti ń gbẹ. Òróró ráńpẹ́ tó kù níbẹ̀ ló ń rọ̀ bó ṣe ń móoru. Èyí tó ń ta tákí, tákí, bí ẹni ń fi èékánná ta tábìlì, háàdì dísìkì ni. Èyí tó ń kùn lábẹ́lẹ̀, tó sì pa ẹnu mọ́ bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ kéésì, nọ́ọ̀tì kan ló ti tú níbì kan. Ó tún ku ọ̀kan tó ń han wíín bí ẹ̀fọn létí. Kọ́ìlì orí bọ́ọ̀dù (motherboard), tàbí ti inú páwà páàkì, tàbí ti ara káàdì àwòrán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í pa ẹ̀rọ, ó kàn ń bí èèyàn nínú, kò sì sí fáànù tí ẹ lè rà tó máa wò ó sàn.

Tí ẹ bá ti ṣí ẹ̀gbẹ́ kéésì, ẹ ká ìwé ìròyìn bíi fèrè, ẹ gbé ẹnu kan sí etí, ẹ fi ẹnu kejì tọ ibi kọ̀ọ̀kan lọ: iwájú processor, ẹ̀yìn kéésì, ara háàdì, ihò páwà páàkì. Ó máa yà yín lẹ́nu bí ó ṣe ń ya ohùn wọn sọ́tọ̀. Tí fáànù kan bá ti di ẹni tí ẹ fura sí, ẹ fi rọ́bà ìparẹ́ tó wà nídìí pẹ́ńsù tẹ àárín rẹ̀, ibi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́, fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Bí ariwo bá dúró, ẹ ti mú olè. Ti páwà páàkì nìkan ni ẹ ò gbọdọ̀ ki nǹkan bọ̀. Kí ẹni tó wọ ìborùn tàbí ṣéènì ọrùn sì bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ wo abẹ́ tábìlì pẹ̀lú. Bàbá kan ní Bódìjà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ránṣẹ́ pè mí: "Ẹ́ńjíníà, ẹ̀rọ mi ń kùn bí oyin o." Mo pa kọ̀ǹpútà, oyin ń kùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi yọ sìtẹ́bíláísà yẹn lára iná." Oyin fò lọ.

Eruku kọ́kọ́

Ẹni tí ariwo tirẹ̀ bá jẹ́ hùùù kò gbọdọ̀ ra fáànù kó tó fọn eruku dànù. Ìlú tí ọyẹ́ ń mú lọ́dọọdún, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì kọjú sí títì, kò sí bí eruku ò ṣe ní di ẹnu páńda onírin orí processor, èyí tó ń gba ooru rẹ̀, pa. Mo ti yọ fáànù kan rí tí eruku abẹ́ rẹ̀ nípọn tó bíi tìmùtìmù. Mo ká a kúrò lódindi bí ẹni ká ẹní.

Búlówà ni wọ́n fi ń fọn ọ́n, búrọ́ọ̀ṣì kékeré sì wà fún ibi kọ́lọ́fín. Ẹ gbé ẹ̀rọ bọ́ sí ìta. Ẹ fi ìka di fáànù mú kí ẹ tó tan búlówà, nítorí bí ẹ bá jẹ́ kó máa sáré bí òkòtó, bíárìn rẹ̀ lè bàjẹ́. Tí ooru kò bá lọ lẹ́yìn ìyẹn, thermal paste tó wà láàárín processor àti páńda ti gbẹ. Ṣírínjì kékeré kan tó láti tún méjì tàbí mẹ́ta ṣe, ó sì wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo máa dárúkọ níbí. Ẹ nu ti àtijọ́ kúrò pátápátá ná. Èyí tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan ló tó. Ẹ lo HWMonitor tàbí HWiNFO kí ẹ fi wo ìgbóná kí ẹ tó ṣe é àti lẹ́yìn tí ẹ ṣe é. Processor tó ń jókòó sí 85 tàbí 90 lórí Celsius nígbà tí ẹ kàn ń tẹ lẹ́tà, ara rẹ̀ kò yá.

Fáànù: búṣì, bíárìn, àbí alóróró?

Ẹni tó bá ti gbé fáànù ilé lọ fún àtúnṣe rí ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ti kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀, páálí rẹ̀ ló kàn ń pè é ní Sleeve, Ball, tàbí FDB. 

| | Búṣì (Sleeve) | Bíárìn oníbọ́ọ̀lù (Ball) | Alóróró tí wọ́n dí pa (FDB) |
|---|---|---|---|
| Nígbà tó wà ní tuntun | Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún | Ó ń dún díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ | Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún |
| Nígbà tó bá gbó | Òróró á gbẹ, á máa ké | Ó ń pẹ́ | Ó ń pẹ́ |
| Tó bá dọ̀bálẹ̀ | Ara rẹ̀ kì í gbà á | Kò kàn án | Kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án |
| Nínú ooru | Ó tètè ń gbó | Ó ń gbà á mọ́ra | Ó dáa |
| Owó | Pọ́ọ́kú | Àárín | Òun ló wọ́n jù |

Èrò tèmi: fún ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ má ra búṣì. Ọdún tó ń bọ̀ ẹ ó tún padà lọ rà á. Ẹni tó ń lo tirẹ̀ fún wákàtí kan lálẹ́, kó ra búṣì, kò sí wàhálà. Ẹ máa gbọ́ orúkọ Noctua ti Austria lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ariwo rárá, wọn ò sì parọ́, àmọ́ kí fáànù méjì má lọ wọ́n ju ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ dè wọ́n mọ́ lọ. Arctic P12 jẹ́ alóróró, owó rẹ̀ sì rọjú.

Ìtóbi ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Fáànù 120 mm á fẹ́ atẹ́gùn tó tó ti 80 mm láì sáré tó o, eré ló sì ń bí ariwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáànù méjì tó ń rìn jẹ́jẹ́ sàn ju ẹyọ kan tó ń sáré: méjì tí ohùn wọn dọ́gba kàn fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 kún ti ẹyọ kan ni, nígbà tó jẹ́ pé ó tó bíi 10 kí etí tó gbọ́ ọ ní ìlọ́po méjì.

Ẹ ka ihò ẹnu wáyà rẹ̀. Oníhò mẹ́rin ni kí ẹ rà bí bọ́ọ̀dù yín bá gbà á, torí ihò kẹrin yẹn ni bọ́ọ̀dù fi ń sọ fún un pé kó rọra. Oníhò mẹ́ta lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, eré àsápajúdé ló máa ń sá. Àwọn tó ní Dell OptiPlex, ẹ fara balẹ̀ níbí: ẹnu wáyà fáànù ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ti gbogbo ayé. Bí ẹ bá fi èyí tí kò bá a mu sí i, ẹ̀rọ lè máa kọ "Alert! Previous fan failure" sójú yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án. Ẹ tú fáànù àtijọ́, ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀.

Kí n má gbàgbé: búṣì tó ń ké lè gbà yín láyè díẹ̀ sí i. Ẹ ṣí ìwé tó lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ ẹyọ méjì síbẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ padà. Kì í ṣe òróró ẹ̀pà. Kì í ṣe WD-40 náà, ṣe ni ìyẹn máa fọ ìwọ̀nba tó kù dànù. Òróró yìí lè fún yín ní oṣù mélòó kan, kì í ṣe àtúnṣe.

Háàdì àbí SSD?

Èyí kò gba àríyànjiyàn. Háàdì inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì sábà máa ń yí ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. SSD, tó ń tọ́jú fáìlì bíi ti háàdì, kò ní ohun kankan tó ń yí. Ariwo tirẹ̀ jẹ́ òdo. SSD onísátà (SATA) tó jẹ́ ínǹṣì 2.5 ń wọ ẹ̀rọ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá pàápàá, ẹ̀rọ náà á sì tètè tàn ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo tíì fi owó rà sínú ẹ̀rọ àtijọ́, òun nìkan ni mi ò kábàámọ̀ rí.

Àmọ́ bí háàdì bá ti ń ta tákí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ariwo. Kí ẹ tó wá SSD lọ, kí ẹ tó fọn eruku, ẹ da iṣẹ́ yín sórí nǹkan mìíràn lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé tirẹ̀ wá bá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń dún bẹ́ẹ̀ láti oṣù tó kọjá, mo rò pé fáànù ni." Orí kẹrin project rẹ̀ wà nínú ẹ̀ níbẹ̀. A ò rí i gbà padà.

Tí wọ́n bá ń ta SSD ńlá fún yín ní iye tí kékeré ń lọ, ẹ sá. Àwọn kan wà tó ń purọ́ ìtóbi. Áàpù kan tó ń jẹ́ H2testw máa ń tú wọn fó: ó ń kọ nǹkan kún un dé ẹnu, ó sì ń kà á padà.

Páwà páàkì

Ẹ má tú u. Àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná, ó sì lè gbé èèyàn. Bí fáànù rẹ̀ bá ń ké, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ mú èyí tí fáànù rẹ̀ jẹ́ 120 mm ju ti 80 mm lọ, kí ẹ sì gbé e lọ́wọ́ wò. Èyí tí wọ́n kọ 500W sí lára tó wá fúyẹ́ bí páálí bíṣíkíìtì, ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ kò pé. Ọ̀pọ̀ Dell àti HP kì í lo ẹnu wáyà tó wọ́pọ̀, nítorí náà ẹ gbé ti àtijọ́ dání.

Kí a ta á, ká ra tòkúnbọ̀ mìíràn?

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa gbé síwájú yín: onígògoro tó ga, pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní SFF, àti mini tó tó bíi ìwé ńlá kan. Ojú máa ń tan èèyàn pé èyí tó kéré jù ló máa dákẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ fún mini ní iṣẹ́ tó le, fáànù kékeré inú rẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè sá sí ju eré lọ, ohùn rẹ̀ á sì tẹ́ẹ́rẹ́ gún yín létí. Onígògoro gbàyè, ó ń kó eruku jọ, ṣùgbọ́n fáànù ńlá wọ̀ ọ́, ẹ sì lè pààrọ̀ ohun gbogbo inú rẹ̀. Fún ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà nìkan, mini dáa, kì í jẹ iná púpọ̀, èrè ni fún ẹni tó wà lórí ínfátà. Fún ẹni tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, onígògoro. Pẹlẹbẹ ni mi ò kì í gbani nímọ̀ràn pé kó rà: ó ní ariwo mini, ó sì tún gbàyè.

Ohun kan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ariwo, àmọ́ tí ẹ máa kábàámọ̀ rẹ̀: Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 láti October 14, 2025, Windows 11 sì ń béèrè processor Intel ìran kẹjọ sókè. OptiPlex 7060 ti Dell àti EliteDesk 800 G4 ti HP wọlé. OptiPlex 7050 kò wọlé.

Ní ọjà

Ọjà Queen Cinema kò dára fún gbígbọ́ ohùn ẹ̀rọ: jẹnẹrétọ̀ níbí, gbohùngbohùn lọ́hùn-ún, ọlọ́kadà láàárín. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n sì fi fídíò sí i. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí kéésì, ohun tí etí kò gbọ́, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pa á, kí wọ́n ṣí i, kí ẹ fi ìka ti fáànù díẹ̀ sẹ́yìn síwájú. Bó bá ń mì jàlàjàlà lórí ìdí rẹ̀, búṣì ti jẹ nìyẹn. Èmi máa ń ká ìwé ìròyìn mi lọ láti ilé. Àwọn ọmọ ọjà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá gbé e sí etí, àmọ́ mo ti rí ọ̀kan nínú wọn tó gbà á lọ́wọ́ mi, tó tẹ etí sí i, tó sì lọ gbé òmíràn wá láti ẹ̀yìn láì sọ̀rọ̀.