Ẹ ṣọ́ra fún agbaṣẹ́ṣe tó bá ní kí owó sìmẹ́ńtì wà lọ́wọ́ òun, ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú míì, tí ẹ ń kọ́lé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó tún fowó ránṣẹ́.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ilẹ̀ mi wà ní ọ̀nà Ẹdẹ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní self-contain mẹ́jọ ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ẹni tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló mú agbaṣẹ́ṣe náà wá. Ẹnu rẹ̀ dùn. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ilé yín ni màá máa mú àwọn èèyàn wá wò." Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọgbọ́n àrékérekè tó lò ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Gbogbo ìgbà tí mo bá fowó ránṣẹ́ ni fọ́tò máa ń dé lórí WhatsApp: àpò sìmẹ́ńtì 60, tí wọ́n tò gègèrè sábẹ́ tapólì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 60 míì. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo fẹ fọ́tò méjèèjì, mo ń wò wọ́n. Nínú ti àkọ́kọ́, àpò kan wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún tí etí rẹ̀ ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù pupa dí i. Àpò yẹn náà ló wà lókè téńté nínú fọ́tò kejì. Àyà mi já. Ọmọ tó ń bá wọn ru ẹrù ló wá jẹ́wọ́ fún mi: wọ́n á yá sìmẹ́ńtì ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tò ó, wọ́n á ya fọ́tò, ọkọ̀ kan náà á sì kó o padà kílẹ̀ tó ṣú.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba Ifẹ̀ lọ. Mo fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ha bulọ́ọ̀kù kan, iyanrìn ń dà bíi gààrí. Bulọ́ọ̀kù onínáìnì (ti íńṣì mẹ́sàn-án), bíi 30 ló yẹ kí àpò sìmẹ́ńtì kan mú jáde; tiwọn lé ní 50.

Ti irin ló dùn mí jù. Owó tọ́ọ̀nù kan irin 12mm ni mo san, ìyẹn nǹkan bí ọ̀pá 93 tó gùn ní mítà 12. Mo kà á, ó pé 93, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ wẹ́dà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọn bó ṣe nípọn tó." 10mm ni! Ọ̀pá 93 irin 10mm kò tó 700 kílò, bẹ́ẹ̀ owó 1,000 kílò ló kúrò lọ́wọ́ mi. Irin yẹn ló wà nínú òpó mẹ́fà tó ti dúró, tí yóò ru dẹ́kìn, tí ọmọ ọlọ́mọ yóò sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà wò ó, ó ní ká wó gbogbo rẹ̀.

Ní báyìí, owó iṣẹ́ nìkan ni agbaṣẹ́ṣe ń gbà lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá sì dé ibi tí a jọ fẹnu kò sí. Owó ohun èlò ń lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù ní Lágéré, àbúrò mi ló ń gbà á wọlé, tó ń kà á, tó ń wọ̀n ọ́n. Ẹnjiníà tó ní nọ́ńbà COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló ń wo irin kí wọ́n tó da kankéré lé e. Owó tirẹ̀ kéré gan-an sí ohun tí mo ti pàdánù. Bí agbaṣẹ́ṣe bá mú yín lọ wo ilé tó kọ́, ẹ bá onílé fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kò sí níbẹ̀. Fọ́tò kò tó o. Ẹ fi fídíò pè wọ́n láìsọ tẹ́lẹ̀, ní ọ̀sán gangan, kí ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù yí ilé ká.

Tí fọ́tò sìmẹ́ńtì bá sì dé lónìí, ẹ fẹ̀ ẹ́. Ẹ wá àpò tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù pupa dí létí. Ẹni tó bá rí i, kó tètè pè mí.