Mítà àtijọ́ àti mítà ìgbàlódé: èwo ló ń tú àṣírí ilé?

Mítà iná àtijọ́ kò mọ̀ ju àròpọ̀ iná tí a lò lọ. Òṣìṣẹ́ á wá kà á, á kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó parí. Ewu tirẹ̀ ni pé àlejò ń wọ ọgbà, gbájúẹ̀ sì lè wọ aṣọ òṣìṣẹ́ wá tan onílé.

Mítà ìgbàlódé ń fi iye iná tí a lò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá rí àkọsílẹ̀ yẹn lè fòye gbé ìgbà tí ẹ jí, ìgbà tí ilé ṣófo, àní ìgbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2009, ilé aṣòfin àgbà Netherlands kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá òfin tó fẹ́ sọ mítà ìgbàlódé di dandan, nítorí àṣírí ará ìlú.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, olè tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ wà nílé kò nílò kọ̀ǹpútà. Fèrèsé tó ṣókùnkùn ti tó o. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, àti ẹni tí wọ́n lè tà á fún. Èmi á gba tuntun, bí wọ́n bá lè máa kà á lẹ́ẹ̀kan péré lóṣù.