Òkè Ìdànrè: ìrìn àyípo láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn dé ìlú àtijọ́, àti bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa

Ẹni tó bá ti Òkè Ìdànrè dé, àtẹ̀gùn ló máa ń ròyìn: pé ó lé ní 600, pé kò fẹ́ẹ́ tán, pé ó ń gba èémí lẹ́nu èèyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gígòkè kọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ ni. Bó bá rẹ ẹni tó ń gòkè, yóò dúró ni. Bó bá rẹ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ṣàdédé yẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bàtà àti eékún fi máa pọ̀ níbí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà òkè náà kò ṣeé fẹnu sọ tán.

Láti Àkúrẹ́, ọ̀nà náà kò tó 30 kìlómítà, mọ́tò Ìdànrè kì í sì í wọ́n. Aládé lẹ máa kọ́kọ́ bá kí ẹ tó dé Odòdé. Ẹ tètè sọ fún dírẹ́bà pé orí òkè lẹ ń lọ, kó lè já yín síbi tí ọ̀kadà ti máa gbé yín dé géètì. Bó bá bọ́ sí àsìkò kòkó, láti bí oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kìn-ín-ní, ẹ óò rí kòkó tí wọ́n sá sí etí títì. Òórùn rẹ̀ máa ń kan fíìn bí ọtí, nítorí ó ti wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó tó rí oòrùn. Ẹ má gba orí rẹ̀ kọjá o. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko lẹnì kan tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ tètè gòkè. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ó yẹ kí ẹ ti wà ní ìlú àtijọ́, ibi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé lórí òkè tẹ́lẹ̀. Òkúta máa ń gba oòrùn mọ́ra, tó bá sì ti di ọ̀sán gangan, ooru á máa ti ìsàlẹ̀ bọ̀ bó ṣe ń ti ojú ọ̀run bọ̀. Lítà omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, kò pọ̀ jù rárá. Inú báàgì ẹ̀yìn ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá dúdú tí ẹ fi ọwọ́ gbé, torí ọwọ́ méjèèjì máa bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà ọyẹ́, òkè máa ń gbẹ, ẹsẹ̀ sì máa ń dúró dáadáa, ṣùgbọ́n eruku inú afẹ́fẹ́ lè bo ìlú ìsàlẹ̀ mọ́ yín lójú. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nà jíjìn, kó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò ńlá ti rọ̀, lẹ́yìn tí àpáta bá ti gbẹ.

Bàtà wá ńkọ́? Kánfáàsì tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó rọ̀ ló dára jù. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ìdí bàtà náà: bó bá wọlé díẹ̀ tó sì padà, yóò gbá àpáta mú. Bó bá le gbagidi bí ike, ẹ fi í sílé, ì báà jẹ́ olówó ńlá. Sílípáàsì kò yẹ, bàtà aláwọ tí ìdí rẹ̀ ń dán kò yẹ, bàtà tuntun tí ẹ kò tíì wọ̀ rí náà kò yẹ nítorí yóò bó yín ní gìgísẹ̀. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ óò mọ ìdí rẹ̀.

Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú àtẹ̀gùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ á sáré dé èkíní, wọ́n á sáré dé ìkejì, ibẹ̀ ni àyà á ti máa lù wọ́n kìkì. Ìwọ̀n tó yẹ ni èyí tí ẹ lè fi máa bára yín sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún níbi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, torí bí ẹ bá jókòó pẹ́, iṣan itan á le. Ẹni tó bá ń rìn báyìí máa lo bí wákàtí kan lójú àtẹ̀gùn. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ibi tí àtẹ̀gùn parí sí gan-an ni ìrìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó wọn ṣòfò: wọ́n á ya fọ́tò ní ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, wọ́n á padà. Ẹ gba amọ̀nà láti ẹnu géètì, kí ẹ bá a dúnàá dúrà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ fẹ́ yí ìlú náà ká ni: ààfin, kóòtù àtijọ́, ilé agogo, àwọn ibojì, ipasẹ̀ Agbóògùn, akọni inú ìtàn ìlú náà, àti Omi Àpáàrá, omi àrá. Àwọn àgbà ní gbogbo ẹsẹ̀ ló máa ń bá ipasẹ̀ náà mu, tọmọdé tàgbà. Ojúbọ wà níbẹ̀ tí àwọn Ìdànrè ṣì ń bọ. Ẹ bi amọ̀nà kí ẹ tó wọlé tàbí kí ẹ tó na fóònù sí i. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, pẹ̀lú èrò pé lọ́jọ́ kan yóò wà lára àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹni tó bá yí i ká tán á rí i pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Lórí àpáta gbalasa, ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa ṣọ́. Èkíní ni yanrìn wínníwínní tó ń ṣí lára òkúta. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ óò rí wóró funfun rẹ̀ tó ń dán, ó sì le. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ìgbà téèyàn tẹ àgbàdo gbígbẹ lórí sìmẹ́ńtì ni. Ìkejì ni àwọn ibi tí àpáta ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ fi ẹsẹ̀ kàn án: bó bá dún bí agbè òfìfo, ẹ má gbé ara lé e.

Ìkẹta, tó burú jù, ni ilà dúdú gbọọrọ tí omi ń gbà ṣàn wálẹ̀. Gbígbẹ rẹ̀ kò léwu. Bó bá tutù, ọṣẹ ni. Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ ká tẹ̀ ẹ́. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé Òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni Sclerophrys perreti. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọn kò fi rí i, títí wọ́n fi tún rí i lọ́dún 2013. Inú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣàn lójú àpáta yẹn ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Nítorí náà, ẹ máa dá a kọjá, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà yín náà, ẹ ká a padà sínú báàgì.

Bí ojú ọ̀run bá ṣú tí ẹ gbọ́ àrá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ má dúró wo Omi Àpáàrá mọ́. Ẹ kúrò lórí ibi gíga kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ má sáré.

Ó wá ku sísọ̀kalẹ̀. Kí ẹ tó tẹ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ẹ tú okùn bàtà, ẹ tì gìgísẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ wá so ó le ní ọrùn ẹsẹ̀, kí ọmọ ìka má baà máa forí gbá iwájú bàtà. Ẹ jẹ́ kí eékún tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ bà lé orí àtẹ̀gùn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ga bákan náà, nítorí náà ẹ má fi ojú sílẹ̀ wo fóònù. Níbi tí irin ìdìmú bá wà, ẹ mì í wò kí ẹ tó fara tì í. Ibi ìsinmi márùn-ún yẹn, ẹ tún lò ó bó ṣe yẹ. Bí itan bá ti ń gbọ̀n, ẹ dúró títí yóò fi simi. Ẹni tí eékún ń dùn tẹ́lẹ̀ lè gun ìdajì kó padà, ìlú á ti hàn sí i láti ibẹ̀. Iṣan iwájú itan ló máa dùn yín, ọjọ́ kejì ló sì máa ń dùn jù, kì í ṣe ọjọ́ náà gan-an.