Mo san 2,100 dọ́là fún iléeṣẹ́ tó ní òun á bá ọmọ mi wá yunifásítì tó máa gbà á fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: àgbéyẹ̀wò mi

Houston la wà, ní apá Alief. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá dọ́ba, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn lé lórí, kò yé èmi àti òun rárá. Àkọ́bí wa ló fà wá wọ inú rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó lé íǹṣì méjì. Ipò tó ń gbá ni defensive end: ìkángun ìlà iwájú ló máa ń dúró sí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó sá lé ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, kó mú un balẹ̀ kó tó jù ú.

Oṣù Keje 2023 ni wọ́n pè mí. Ọmọ mi ló ti kọ nọ́ńbà mi sínú fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, torí irú wọn pọ̀, bí wọ́n sì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí mọ̀. Ẹni tó pè mí lóhùn tútù. Ó ní òun ti wo fídíò ọmọ mi, pé ẹ̀bùn wà lára rẹ̀, pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kẹsàn-án ti ṣíwájú rẹ̀ lọ, àti pé tí kíláàsì kọkànlá bá bẹ̀rẹ̀ báyìí tí a ò tíì ṣe nǹkan kan, ó lè pẹ́ jù. Àyà mi já. Owó yunifásítì ní ìlú yìí kì í jẹ́ kí ìyá ọmọ sùn dáadáa. 2,100 dọ́là ni wọ́n ní ká san, 175 lóṣù fún oṣù méjìlá, wọn á sì máa bá wa lọ títí ọmọ á fi parí girama. Bàbá wọn ní kí n jẹ́ kó di ọ̀la. Mi ò gbọ́. Mo fọwọ́ sí i kí n tó wọ aṣọ iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí wọ́n fún wa nìyí: ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwòrán, ìwọ̀n àti gíga ọmọ mi wà, àdírẹ́sì ímeèlì àwọn kóòṣì, fídíò tí wọ́n bá wa gé, àti olùdámọ̀ràn kan tí yóò máa pè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ojú ewé náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àwọn kóòṣì, ọ̀fẹ́ ló wà lórí ìkànnì yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ó di oṣù kẹrin tí mo ti ń sanwó kí n tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ímeèlì yìí ló dùn mí jù. Láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n ti kọ̀wé sí yunifásítì tó lé ní ọgọ́ta lórúkọ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Orúkọ kóòṣì nìkan ló ń yí padà. Wọ́n tún máa ń fi iye kóòṣì tó ṣí ojú ewé rẹ̀ lọ́sẹ̀ hàn wá. Ọmọ mi á jí láàárọ̀, á kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yẹn kó tó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Mẹ́tàlá lónìí, mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Inú wa ń dùn, a ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn tó ṣí i tó pè é.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àwọ̀ yunifásítì mèremère lára rẹ̀, orúkọ ọmọ mi gàdàgbà níwájú. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ara fìríìjì. Àṣé ìwé ìpè sí káàǹpù, níbi tí àwọn kóòṣì ti máa ń dán àwọn ọmọ wò, ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá lè sanwó ni wọ́n sì ń pè. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún wa pé ní Division I, ìpele kìíní nínú eré ìdárayá yunifásítì, kóòṣì kò gbọdọ̀ kọ̀wé tàbí tẹ ọ̀rọ̀ ráńṣẹ́ tààrà sí ọmọ kó tó di 1 Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó wà ní kíláàsì kọkànlá. Ìwé ìbéèrè àti ìpè sí káàǹpù ni wọ́n lè fi ránṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Tí ọjọ́ yẹn bá wá kọjá, tó tún jẹ́ ìpè sí káàǹpù nìkan ni ẹ ń rí, tí kò sí kóòṣì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ọmọ yín, ìdáhùn wọn nìyẹn. Olùdámọ̀ràn wa mọ èyí. Káàǹpù púpọ̀ sí i ló ní ká máa lọ.

Àmọ́ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kò sí lórí pápá. Ní Texas níbí, láti 1984 ni òfin ti wà pé ọmọ tí kò bá yege kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ mi kò kùnà rí, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìwọ̀n mìíràn ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ń lò. Kí ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní Division I, ó gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ kíláàsì mẹ́rìndínlógún tí NCAA fọwọ́ sí, kí GPA rẹ̀, ìyẹn àròpín máàkì rẹ̀, nínú àwọn iṣẹ́ yẹn tó 2.3, ti Division II, ìpele kejì, jẹ́ 2.2. Division I tún ní kó ti parí mẹ́wàá nínú wọn kó tó wọ kíláàsì kejìlá, kí méje nínú mẹ́wàá náà sì jẹ́ English, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì. Tí kíláàsì kejìlá bá ti bẹ̀rẹ̀, máàkì inú méje yẹn ti dúró, ẹ ò lè padà lọ tún un ṣe kó lè ga sí i. Wọ́n ti yọ ìdánwò SAT àti ACT kúrò nínú ohun tí wọ́n ń bèèrè láti 2023.

Oṣù Kẹwàá 2023 ni olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi, ìyá àgbàlagbà kan tí n kò ní gbàgbé láé, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ṣí ìwé èsì ọmọ mi sílẹ̀, ó fi bírò tọ́ka sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó ti gba A nínú rẹ̀, ó ní, "Mà, NCAA ò ka eléyìí." Mo wò ó títí. A padà lọ yẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa wò lórí ìkànnì NCAA, níbi tí àkójọ iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wà lọ́fẹ̀ẹ́. Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi ní láti fi Spanish àti kẹ́mísìrì kún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, kó máa ti ibi ìgbáradì délé ní aago méje, kó sì jókòó ti ìwé títí di mọ́kànlá. Iléeṣẹ́ tí mò ń sanwó fún ní ìwé èsì yẹn lọ́wọ́ láti ọjọ́ kìíní. Wọn ò wò ó. Níbí ni inú ti bí mi sí wọn, ó sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Wọ́n tún fún wa ní àkójọ yunifásítì ogójì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọn tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo Sátidé. Bàbá kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì fi èyí tí wọ́n fún ọmọ tirẹ̀ hàn mí. Ipò mìíràn ni ọmọ tirẹ̀ ń gbá, ó kéré sí tèmi dáadáa, síbẹ̀ àkójọ kan náà ni.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn orúkọ ńlá, èmi náà wà lára wọn. A ti rí Olu Fashanu tó ti yunifásítì Penn State lọ sí New York Jets, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, ní 2024, ẹni kọkànlá tí wọ́n mú nínú gbogbo àwọn ọmọ ọdún yẹn. A ti rí Olusegun Oluwatimi tó bẹ̀rẹ̀ ní Air Force, tó lọ sí Virginia, tó wá dé Michigan, tó sì gba Outland, ẹ̀bùn ẹni tó dára jù ní ìlà iwájú, ní 2022. Inú mi ń dùn tí mo bá gbọ́ tí òyìnbó ń pe orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní girama lé ní mílíọ̀nù kan, bíi méje péré nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ń dé NCAA, ní gbogbo ìpele rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi ń wá ibi tí yóò lọ, sikọ́láṣíìpù 85 ni yunifásítì ní apá òkè pátápátá nínú Division I lè fúnni. Apá tó tẹ̀ lé e nínú Division I náà ní 63, tí wọ́n lè pín wẹ́wẹ́. Division II ní 36, tí wọ́n máa ń pín fún ọmọ tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Division III kì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù rárá, owó ìrànwọ́ mìíràn ni wọ́n ń wá fún ọmọ. Ẹ̀yin tí ọkàn yín wà ní Harvard àti Yale, Division I ni wọ́n, síbẹ̀ àwọn náà kì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù nítorí bọ́ọ̀lù. Ipò owó ìdílé ni wọ́n ń wò. Tí ẹnì kan bá ti jókòó ṣàlàyé èyí fún mi lọ́jọ́ kìíní, ǹ bá ti kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá.

Kí ló wá ṣiṣẹ́? Kóòṣì girama rẹ̀ ni. Fídíò tí iléeṣẹ́ yẹn gé gùn tó ìṣẹ́jú méje, orin wà nínú rẹ̀, orúkọ ọmọ mi ń fò káàkiri. Kóòṣì wo ó, ó mi orí. Ó lọ sórí Hudl, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ń kó fídíò gbogbo eré pamọ́ sí, ó sì gé tuntun tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó kó ibi mẹ́wàá tó dára jù síwájú, ó sì fi àmì sórí ọmọ mi kí bọ́ọ̀lù tó ṣí, torí kóòṣì tó ń wo ọgọ́rùn-ún fídíò lójúmọ́ kò ní wá ọmọ rẹ kiri nínú ọmọ méjìlélógún.

Ní Oṣù Karùn-ún 2024, ìgbà tí àwọn kóòṣì yunifásítì máa ń rìn káàkiri girama, ọ̀kan láti Division II wá wo ọmọ mìíràn. Kóòṣì wa mú un lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń gbé irin, ó ní kó wo ọmọ mi. Ìwé èsì rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ béèrè fún, kó tó béèrè bó ṣe ń sáré tó. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́, torí Spanish àti kẹ́mísìrì yẹn. Ó ní kó wá sí káàǹpù àwọn ní Oṣù Kẹfà. Káàǹpù mẹ́ta la lọ lọ́dún yẹn. Ọmọ tó wà ní méjì àkọ́kọ́ lé ní irinwó, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tèmi. Ní ìkẹta, wọ́n ń dúró dè é ni.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Division I tún sọ fún un lẹ́nu pé àwọn máa gbà á. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹwàá, wọn ò gbé fóònù mọ́. Kóòṣì wa bá wa wádìí, wọ́n ní àwọn ti mú ọmọ tó dàgbà jù ú lọ láti transfer portal, àkójọ àwọn ọmọ tó fẹ́ kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu kò di ẹnikẹ́ni mú níbẹ̀, àfi ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Ìwé náà pàápàá ti yí padà: Oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n fòpin sí National Letter of Intent, ìwé tí ọmọ fi ń ṣèlérí pé yunifásítì kan ni òun máa lọ, ìwé àdéhùn owó ìrànwọ́ ló kù. Ní Oṣù Kìíní 2025, fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iléeṣẹ́ yẹn ṣì ń kọ́ àwọn òbí nípa ìwé tí kò sí mọ́.

Ọmọ mi fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 5 Oṣù Kejì 2025 nínú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wọ agbádá. Bọ́ọ̀lù san ìdajì owó ilé ẹ̀kọ́, máàkì rẹ̀ mú owó mìíràn wá, àwa ń wá ìyókù. Ọdún kan ni àdéhùn náà, wọ́n lè tún un ṣe lọ́dọọdún. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tẹ́ aṣọ àríyá.

Mo gbìyànjú láti fagi lé iléeṣẹ́ yẹn ní Oṣù Kejì 2024. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni mo ní láti yí ọkàn padà, ó sì wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí lóòótọ́. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn: ọ̀kan fún ojú ewé náà, ọ̀kan fún ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó fi sùúrù kọ́ ọmọ mi bí èèyàn ṣe ń bá kóòṣì sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìkólòlò. Tí ọmọ yín bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí kóòṣì rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wúlò fún yín díẹ̀. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: ta ni yóò ka ìwé èsì ọmọ mi, nígbà wo sì ni?

Àbúrò rẹ̀ ti wọ kíláàsì kẹsàn-án báyìí, ọrùn rẹ̀ ti nípọn ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Wọ́n tún ti pè mí nítorí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì wakọ̀ lọ bá ìyá àgbàlagbà yẹn ní ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú àkójọ iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.