Bátìrì Abẹ́ Awọ Mi, Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́jọ

London ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń dín ìrora ẹ̀yìn kù sí mi lábẹ́ awọ, lókè ìdí. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣáàjì bátìrì rẹ̀. Lálẹ́ Sọ́ńdè, màá de bẹ́líìtì mọ́ ìbàdí, iná á gba inú awọ wọlé láìsí wáyà. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, á máa ké fín-ín fín-ín. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ìyàwó mi ní mo ti di fóònù. (Láti ìta náà ni wọ́n ti ń ṣáàjì ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù déédéé tí wọ́n fi sínú Arne Larsson, aláìsàn àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀, ní Sweden lọ́dún 1958.)

Ẹ̀yìn mi fúyẹ́, mo tún ń gun òkè bọ́ọ̀sì. Bẹ́líìtì yẹn nìkan ni mo bá wí: ó kéré jù, wọn ò ro ti ikùn ẹni tó ń jẹ iyán.